Ẹ Má Tìtorí Báàsì Ta Búùtù Ọkọ̀ Yín

Bí ọdún bá ti ń kanlẹ̀kùn, àwọn tó ń ta rédíò ọkọ̀ ní Alábà l'Ékòó àti ní Agodi Gate n'Íbàdàn kì í ráyè mí. Àsìkò yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fẹ́ kí ọkọ̀ àwọn dún dáadáa kí wọ́n tó gbé e relé. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń tọ́jú owó láti gbé wúfà, sípíkà ńlá tó ń gbé báàsì jáde, sínú ọkọ̀ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Mi ò ní kí ẹ má ṣe é o. Ẹni tó bá fẹ́ràn jùjú tàbí fújì mọ̀ pé bí gìtá báàsì àti ìlù ńlá kò bá dún dénú, orin ò tíì pé, bẹ́ẹ̀ sípíkà kékeré tó wà lára ilẹ̀kùn ọkọ̀ kò lágbára irú ohùn ìsàlẹ̀ yẹn. Ìkìlọ̀ mi ni pé kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni torí wúfà gba gbogbo búùtù mọ́ yín lọ́wọ́, kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fa wáyà tó lè dáná sun ọkọ̀ yín.

Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ rèé. Oníbàárà á dé ṣọ́ọ̀bù, á ní wúfà lòun ń wá. Ọlọ́jà á wọ́ àpótí gìrìwò kan síwájú rẹ̀: wúfà méjì oní-íńṣì 12 ló wà lára rẹ̀, wọ́n fi kápẹ́ẹ̀tì dúdú bò ó, wọ́n sì kọ 2000 wáàtì gàdàgbà sí i lára. Wọ́n á tan án, ògiri ṣọ́ọ̀bù á máa gbọ̀n, inú oníbàárà á dùn, á sanwó. Kò sẹ́ni tó mú téèpù wọn búùtù ọkọ̀ rárá. Ìgbà tí wọ́n bá gbé àpótí náà débi ọkọ̀ ni wọ́n á tó rí i pé òun àti sípéà táyà kò lè jọ gbé ibẹ̀. Rìwáyà á ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká kúkú yọ sípéà yìí, ẹ lè máa gbé e sílé." Ọ̀gá á gbà. Àpò ìrẹsì, ẹrù àbọ̀ọjà, àpótí aṣọ àwọn ọmọ tó ń lọ ilé ẹ̀kọ́, gbogbo rẹ̀ á wá di ohun tí à ń kó sórí àga ẹ̀yìn láti ọjọ́ náà lọ.

Sípéà táyà kì í ṣe ẹrù tí a lè fi sílé. Òun, jáàkì, sí-kọ́ṣọ̀n àti agolo apaná wà lára ohun tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC máa ń ní kí awakọ̀ fi han àwọn. Ká tiẹ̀ yọ ti ẹ̀ṣọ́ kúrò níbẹ̀: táyà tó bẹ́ ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́ láàárín Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí ìyàwó àti ọmọ wà nínú ọkọ̀, kò ní gbọ́ pé ilé ni èkejì òun wà. Ẹ jẹ́ ká fi èyí ṣe ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ: wúfà tó bá lé sípéà táyà jáde ti tóbi jù fún ọkọ̀ yín.

Mo rí Corolla kan ní ọgbà rìwáyà kan n'Íbàdàn tó yẹ kí gbogbo onímọ́tò rí. Àpótí wúfà ti gba búùtù débi pé ẹ ò lè rí ibi kó àpò kan sí. Sípéà táyà wà lórí àga ẹ̀yìn, wọ́n fi bẹ́líìtì dè é mọ́bi tó yẹ kí ọmọ jókòó sí. Ẹni tó ni ọkọ̀ ní òun ti ń gbóòórùn ohun tó ń jó láti ọjọ́ mélòó kan, òun sì rò pé pàǹtí tí wọ́n ń sun ládùúgbò ni. Rìwáyà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ wáyà pupa tó ti orí bátìrì wá. Wáyà náà gba inú ihò kan tí wọ́n fi dírílì lu sára irin tó pín ẹ́ńjìnnì àti inú ọkọ̀ níyà, wọn ò sì fi rọ́bà kankan sẹ́nu ihò náà. Bí ọkọ̀ ṣe ń gbọ̀n ni etí irin ń rẹ́ wáyà náà, títí awọ rẹ̀ fi là, tí kọ́pà inú rẹ̀ ń kọ mànà. Ara irin ibẹ̀ ti dúdú. Fíúsì ńkọ́? Fíúsì wà, àmọ́ inú búùtù ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ámúpù tó ń fún wúfà lágbára, ní ìparí wáyà tó gùn láti iwájú ọkọ̀ dé ẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ fíúsì yìí ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí ó lè sun gbogbo ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ó rọrùn láti ṣe dáadáa. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé torí ámúpù ni a ṣe ń fi fíúsì sí i. Torí wáyà ni. Gbogbo ara irin ọkọ̀ ló so mọ́ ẹsẹ̀ òdì bátìrì, nítorí náà níbikíbi tí wáyà pupa bá ti bó, tó kan irin, gbogbo agbára bátìrì ló máa gba ojú kan náà tú jáde. Fólítì 12 kò lè gbé èèyàn ṣubú, ṣùgbọ́n bátìrì ọkọ̀ lè tu ọgọ́rọ̀ọ̀rún ámpíà jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Wáyà á pọ́n bí irin àgbẹ̀dẹ, rọ́bà ara rẹ̀ á gbiná, kápẹ́ẹ̀tì á gbà á. Fíúsì tó wà nínú búùtù kò lè rí nǹkan kan ṣe sí èyí, torí ibi tí iná ti bẹ́ wà níwájú rẹ̀. Ìdí nìyí tí fíúsì gbọ́dọ̀ fi wà nítòsí bátìrì, kó má jìnnà ju sẹ̀ǹtímítà 45 lọ. Bó bá ṣe sún mọ́ ọn tó ló dára tó. Bí fíúsì bá jó, ẹ wá ìdí tó fi jó. Ẹni tó bá fi wáyà tàbí bébà sìgá di ojú rẹ̀ ti yọ ohun kan ṣoṣo tó ń ṣọ́ ọkọ̀ náà kúrò.

Ó yẹ kí wáyà náà tó iṣẹ́ tí a fẹ́ fi ṣe. Ámúpù tó bá ń gbé ojúlówó 300 wáàtì jáde lè máa fa nǹkan bí ámpíà 27 nígbà tó bá ń ké dópin. Oní-500 wáàtì á máa fa bí 45. Wáyà kọ́pà oní-géèjì 8 àti fíúsì 30 tàbí 40 tó fún ti àkọ́kọ́, géèjì 4 àti fíúsì 60 ló yẹ èkejì. Bí nọ́ńbà géèjì bá ṣe kéré sí i ni wáyà ń nípọn sí i, ẹ má jẹ́ kó rú yín lójú. Kí ẹ sì fi ọ̀bẹ ha orí wáyà kí ẹ tó rà á. Bí inú rẹ̀ bá funfun, álúmínìọ́mù tí wọ́n fi kọ́pà kùn lójú ni, agbára rẹ̀ kò tó ti kọ́pà gidi tó nípọn bákan náà. Èyí pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ sì dínkù, òun ló fi ń wu èèyàn.

Ní ti 2000 wáàtì tí wọ́n kọ sára àpótí, ẹ má kà á sí. Wáàtì tí wọ́n ń pè ní RMS ni kí ẹ béèrè, òun ni agbára tí ẹ̀rọ náà lè máa gbé lọ láìdúró. Ìyókù jẹ́ agbára ìṣẹ́jú àáyá kan péré, òmíràn kò tilẹ̀ dé ibẹ̀ láéláé. Fún ọkọ̀ ìdílé, wáàtì RMS 150 sí 300 ti pọ̀ tó.

Ó ti pọ̀ tó nítorí inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń ran báàsì lọ́wọ́. Ìgbì ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 40 ní ìṣẹ́jú àáyá kan gùn ju mítà 8 lọ, bẹ́ẹ̀ Corolla tó gùn jù kò tó mítà 5. Ohùn náà kò ríbi nà dé, ńṣe ló ń ti afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ pọ̀ sí ojú kan, bó bá sì ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ló ń lágbára sí i. Ohun tó yẹ kí àpótí ńlá ṣe nínú pálọ̀, ọkọ̀ ti bá yín ṣe ìdajì rẹ̀. Nítorí náà, wúfà oní-íńṣì 10 kan ṣoṣo nínú àpótí tó dí pátápátá, tí kò ní ihò, á dún nínú ọkọ̀ ju bó ṣe dún ní ṣọ́ọ̀bù lọ. Àpótí oníhò máa ń ké ju èyí tó dí lọ lóòótọ́, àmọ́ ó fẹ́ ààyè tó fẹ́ẹ̀ tó ìlọ́po méjì.

Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Búùtù Corolla ọdún 2009 sí 2013, tó pọ̀ lójú títì wa, gba nǹkan bí lítà 350. Àpótí wúfà méjì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 90, tó ga ní 40, tó sì jìn ní 40, á gba lítà 144 nínú rẹ̀. Ìyẹn ju ìdá méjì nínú márùn-ún lọ, ohun tó bá sì ṣẹ́ kù máa ń jẹ́ kọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀ tí nǹkan gidi kan ò lè wọ̀. Nísinsìnyí, ẹ wo àpótí kékeré tí káfíńtà fi pákó MDF onímílímítà 18 kàn: gígùn 40, gíga 35, jíjìn 25. Lítà 35 ló máa gbà nínú búùtù, ìdá kan nínú mẹ́wàá péré. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ á fẹ́ẹ̀ tó lítà 25, bí kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan, èyí sì tó fún ọ̀pọ̀ wúfà oní-íńṣì 10. Ẹ ka ìwé tó bá wúfà náà wá. Iye lítà tó ń fẹ́ máa ń wà níbẹ̀. Bí kò bá sí ìwé, ẹ má rà á.

Bí ẹ bá sì fẹ́ kí búùtù ṣófo pátá, ọ̀nà wà. Àwọn wúfà pẹlẹbẹ kan wà tí ámúpù wọn ti wà nínú wọn, tí kò nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 7 tàbí 8 lọ, abẹ́ àga iwájú ni wọ́n ń wọ̀. Ohùn wọn kò ní mi ilé aládùúgbò, àmọ́ wọ́n máa ń mú orin kún dáadáa, òun sì ni mo máa ń sọ fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ ṣòwò pé kó rà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ jókòó sórí àga náà, ẹ tì í síwájú, ẹ fà á sẹ́yìn, kí ẹlòmíràn fi téèpù wọn ìsàlẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì wà lórí rẹ̀. Èyí tó wọ ìdí àga òfìfo lè má wọ̀ ọ́ mọ́ bí èèyàn bá jókòó.

Àwọn míì wà tó rí róbótó, inú ihò rímù sípéà táyà gan-an ni wọ́n ń jókòó sí, lábẹ́ pákó búùtù. Sípéà kò kúrò níbẹ̀, búùtù kò dínkù. Ohun tí ẹ máa kíyè sí ni pé kí wáyà rẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti lè fà á yọ, kí ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ táyà nínú òjò má baà máa wá súkúdiráífà. Àwọn tó ń fi fáíbà ṣe àpótí tó tẹ̀lé ìrísí kọ̀rọ̀ búùtù, lẹ́yìn ibi tí táyà ẹ̀yìn yọ sí, náà ń ṣiṣẹ́ tó dára, bó bá jẹ́ ọ̀jáfáfá ló ṣe é. Àpótí káfíńtà tó tẹ̀ bí ẹ̀yìn àga ló pọ̀ jù, kò sì burú, bí ẹ bá ti yan wúfà tí màgínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò jìn. Lílu pákó abẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn láti fi wúfà há a láìlo àpótí kò gba ààyè kankan lóòótọ́, ṣùgbọ́n pákó náà á máa pariwo gbọ̀ngbọ̀n títí ayé, mi ò sì gba ẹnikẹ́ni níyànjú rẹ̀. Èyí tó wù kí ẹ yàn, ẹnu búùtù ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n, torí ó máa ń kéré ju inú rẹ̀ lọ.

Ibi tí mo ti ń bẹ̀ yín gidigidi nìyí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki dírílì bọ ilẹ̀ ọkọ̀ láì kọ́kọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ wò. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Toyota àti Honda tí à ń gùn, abẹ́ àga ẹ̀yìn ni táńkì epo wà, páìpù epo àti ti bíréèkì sì gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá. Ihò kan tó ṣì ojú lọ ti tó. Lábẹ́ àga iwájú, bí ẹ bá rí wáyà tí orí rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ọsàn tàbí tó jẹ́ àwọ̀ yẹ́lò, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ti yẹ́lò yẹn ló ń tan àpò afẹ́fẹ́ tó ń gba èèyàn là nígbà ìjàǹbá. Ti ọsàn jẹ́ ti ọkọ̀ tó ń lo epo àti iná bátìrì pọ̀, bíi Prius, iná inú rẹ̀ ju fólítì 200 lọ, ó sì lè pa èèyàn. Nínú Prius, ihò afẹ́fẹ́ kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ẹ̀yìn tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí bátìrì ńlá rẹ̀. Àpótí tó bá dí i á sọ bátìrì yẹn di gbígbóná, owó rẹ̀ sì ju ti gbogbo rédíò tí ẹ rà lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti yí ọkọ̀ yín sí gáàsì CNG, ọ̀rọ̀ yín tún yàtọ̀. Sílíńdà ti gba ìdá ńlá nínú búùtù, ó sì lè máa ṣe ẹnikẹ́ni bíi pé kó sún àpótí wúfà mọ́ ọn. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Gáàsì náà lè gbiná bó bá dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ láàárín ìdá 5 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ibi tí wáyà ámúpù ti lè ta iná pàràpàrà kò sì yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe de wáyà òdì mọ́ irin tó gbé sílíńdà, kó má tú bóòtù rẹ̀, kó má lu ihò sí ìtòsí rẹ̀. Fún irú ọkọ̀ yìí, wúfà pẹlẹbẹ abẹ́ àga nìkan ni mo fọwọ́ sí.

Àpótí tí a kò dè mọ́lẹ̀ náà jẹ́ ewu. Ọkọ̀ tó ń sáré kìlómítà 50 ní wákàtí, tó forí sọ nǹkan, tó dúró láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, á sọ àpótí kílò 20 di ohun tó ń fi agbára bíi kílò 280 wá síwájú. Ẹ̀yìn àga tí àwọn ọmọ fara tì ló máa kọ́kọ́ bá. Irin pẹlẹbẹ oníbóòtù mẹ́rin, tí wọ́n dè mọ́ ojú bóòtù tó ti wà nínú ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, kò wọ́n rárá. Ṣùgbọ́n bóòtù tó mú bẹ́líìtì ìjókòó kò sí lára wọn o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú u láti fi de wáyà tàbí àpótí.

Díẹ̀ ló kù ní ti wáyà. Wáyà òdì gbọ́dọ̀ kúrú, kó nípọn tó ti pupa, kí wọ́n sì ha ọ̀dà kúrò lójú irin tí wọ́n fẹ́ dè é mọ́. Kí wáyà pupa gba apá kan ọkọ̀, kí ti ohùn gba apá kejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ lè máa gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì nínú orin. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ búlúù tó ń tan ámúpù gbọ́dọ̀ ti ara rédíò wá. Àwọn kan máa ń yára so ó mọ́ bátìrì tààrà, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, bátìrì lè ti kú.

Etí náà ńkọ́? Àwọn onímọ̀ ìlera lẹ́nu iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà sọ pé ariwo dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85 kò gbọdọ̀ ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́, àti pé bó bá fi 3 lé, kí a pín wákàtí náà sí méjì. Bó bá dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ló kù. Wúfà ọkọ̀ lè kọjá ibẹ̀ láìsí wàhálà. Agbára ìgbọ́ràn tí ariwo bá ti bà jẹ́ pátápátá kì í padà, etí ọmọdé tó wà lẹ́yìn ló sì sún mọ́ àpótí jù. Awakọ̀ tí kò gbọ́ fèrè áńbúláǹsì náà kò lè yà fún un.

Bí rìwáyà bá sọ fún yín pé fíúsì ìdí bátìrì kò pọn dandan, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín, kí ẹ gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ti ní wúfà nínú ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó jáde lọ́la. Ẹ tọ wáyà pupa yẹn láti orí bátìrì títí dé ibi tó ti wọ inú ọkọ̀. Bí ẹ ò bá rí fíúsì, tàbí tí ẹ rí ibi tí awọ rẹ̀ ti bó, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí bátìrì, kí ẹ sì má tan wúfà náà mọ́ títí wọn yóò fi tún un ṣe.